Ata Kú Sórí Ilẹ̀ Tútù: Bí Omi Ṣe Ń Rìn Láti Gbòǹgbò Dé Ewé

Nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta, ìsinmi oṣù Kejìlá gbé mi kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sílé ní Ọ̀yọ́. Ìyá mi ní àkùrọ̀ kékeré kan létí odò lẹ́yìn ìlú. Ata rodo àti tòmátì ni wọ́n máa ń gbìn síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí pé ìgbà náà ni ata máa ń wọ́n ní ọjà Akẹ̀sán. Ata ọdún náà kì í ṣe ti ọbẹ̀ lásán. Òun ni màmá gbójú lé láti fi san owó ilé-ìwé mi.

Àwọn ọmọ ata tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbìn sí abẹ́ ìbòòji ti tó lọ́ sórí ebè, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ń dun màmá, wọn kò lè bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí wọ́n jókòó sílé, pé iṣẹ́ tí mò ń kọ́ ní yunifásítì nìyẹn. Wọ́n ní, “Àyìnlá, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni kí o ṣe é o. Kí o sì ranti imọ̀ ọ̀pẹ.” Mo dáhùn pé mo ti gbọ́. Àmọ́ bọ́ọ̀lù wà tí mo fẹ́ wò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í hú ata, tí mo sì ń tún un gbìn. Ọyẹ́ ń fẹ́, oòrùn ń ràn, èmi náà ń yára. Kí n tó fọ ọkọ́ tán, ewé ata ti ń dọ̀bálẹ̀.

Mo pọn omi bù sí i. Ewé kò gbórí. Mo tún pọn òmíràn, ebè di ẹrẹ̀. Ìgbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ tí wọ́n ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀, mo rò pé oúnjẹ ni kò tó wọn, ni mo bá bu ajílẹ̀ òyìnbó, mo wọ́n ọn sí wọn nídìí. Nínú bíi 200 ata tí mo lọ́, kò pé 20 tó yè. Nígbà tí màmá dé oko, wọ́n fi ìka tẹ ilẹ̀, wọ́n wo ewé tó ti gbẹ, wọ́n ní, “Ilẹ̀ tutù. Òùngbẹ ló sì pa ata yìí.”

Báwo ni òùngbẹ ṣe lè pa ohun tó dúró sínú omi? Mo ti ṣe ìdánwò lórí transpiration, mo sì yege, síbẹ̀ n kò lè dáhùn ìbéèrè yẹn lójú oko. Ìdáhùn tí mo padà rí ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí ẹ ń há a sórí bí mo ṣe há a sórí.

Ibi tí omi ń gbà wọlé

Àwọn gbòǹgbò ńlá tí a máa ń rí kọ́ ni wọ́n ń mu omi jù. Ní ìtòsí ṣóńṣó àwọn gbòǹgbò wẹ́wẹ́ ni irun gbòǹgbò wà. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló na ara rẹ̀ jáde tó di irun kọ̀ọ̀kan, ó tín-ín-rín débi pé ó lè wọ àárín hóró erùpẹ̀ méjì. Ọjọ́ díẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ máa ń gùn, gbòǹgbò á sì tún hu òmíràn bí ó ṣe ń gùn sí i nínú ilẹ̀.

Osmosis ló ń mú omi wọ inú irun yìí. Inú sẹ́ẹ̀lì ní iyọ̀ àti ṣúgà ju omi inú ilẹ̀ lọ, omi a sì máa rìn láti ibi tí nǹkan yíyọ́ inú rẹ̀ kò pọ̀ lọ síbi tó ti pọ̀. Ẹni tó bá ti gé àlùbọ́sà, tó bu iyọ̀ lé e, tó sì fi í sílẹ̀ díẹ̀, ti rí osmosis lójú: omi á jáde láti inú àlùbọ́sà, á lọ bá iyọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà dé orí ajílẹ̀ mi.

Lẹ́yìn tí omi bá wọ gbòǹgbò, ó lè gba inú sẹ́ẹ̀lì dé sẹ́ẹ̀lì, ó sì lè gba àárín wọn kọjá. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé àárín gbùngbùn, oníbodè kan wà níbẹ̀. Casparian strip ni a ń pè é, ìgbànú kan tí omi kò lè là kọjá. Gbogbo omi tó ti ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ wá gbọ́dọ̀ wọ inú sẹ́ẹ̀lì níbẹ̀, kí sẹ́ẹ̀lì lè yẹ ẹrù rẹ̀ wò. Báyìí ni igi ṣe ń yan èyí tó fẹ́ nínú àwọn iyọ̀ inú ilẹ̀. Lẹ́yìn oníbodè yìí ni omi bọ́ sínú xylem, títì márosẹ̀ tó lọ sókè.

Ta ló ń fa omi gòkè?

Igi kò ní ọkàn tó ń lù kìì kìì bíi tiwa. Bẹ́ẹ̀ omi ń dé orí igi máńgòrò, ó sì ń dé orí àràbà tó ga ju ilé alájà mélòó kan lọ. Ní Kalifóníà, igi redwood kan wà tó ga ju mítà 115 lọ, omi ń dé orí òun náà.

Àwọn tó máa ń fa omi kànga mọ̀ pé ẹ̀rọ tó wà lókè ilẹ̀, tó ń fi fífà gbé omi, kò lè fà á kọjá nǹkan bíi mítà 10. Afẹ́fẹ́ ayé ló ń ti omi náà gòkè fún un, agbára afẹ́fẹ́ kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà náà, kí ló ń gbé e dé mítà 30, tàbí 100?

Àwọn kan rò pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè nínú igi ló ń fọwọ́ gbé e fún ara wọn. Eduard Strasburger, onímọ̀ ewéko ní Jámánì, dán èyí wò ní apá ìgbẹ̀yìn ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó gé igi gíga nídìí, ó sì ti ìdí rẹ̀ bọ inú omi tó ní májèlé. Májèlé náà ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì bí ó ṣe ń gòkè, síbẹ̀ kò dẹ́kun gígòkè títí ó fi dé ewé. Èyí fi hàn pé kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì alààyè inú igi ló ń ti omi. Ní tòótọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó di ọ̀nà omi nínú xylem ti kú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tó wà nínú wọn ti tán, ògiri wọn nìkan ló kù, wọ́n sì jókòó léra bí páìpù. Páìpù náà tín-ín-rín bí irun orí, àwọn mìíràn sì tún tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní 1894, Henry Dixon àti John Joly ní ìlú Dublin, ní Ireland, gbé àlàyé kan jáde tí a ṣì ń lò dòní. Wọ́n ní láti òkè ni a ti ń fa omi, kì í ṣe láti ìsàlẹ̀ ni a ti ń tì í. Bí omi bá gbẹ kúrò lára ewé, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sún síwájú láti gba ipò rẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e náà á sún, títí dé ìdí gbòǹgbò. Omi lè ṣe èyí nítorí pé ó máa ń di ara rẹ̀ mú. Ẹ wo omi lórí ewé kókò lẹ́yìn òjò: kò tẹ́ pẹrẹsẹ, ńṣe ló ká ara rẹ̀ jọ róbótó. Ìdìmọ́ra yẹn náà ló wà nínú xylem, tí omi fi dà bí okùn kan ṣoṣo láti ilẹ̀ dé orí ewé. Omi tún máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri páìpù, èyí ni kì í jẹ́ kí ó tètè já bọ́.

Okùn náà lè já. Bí ọ̀dá bá mú, tí ewé ń fà ju bí ilẹ̀ ṣe ń tú u sílẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ lè ráyè wọ inú páìpù, páìpù náà á sì di aláìwúlò. Ṣùgbọ́n ihò kéékèèké wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn páìpù, omi á gba ibẹ̀ bọ́ sínú èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí dírẹ́bà ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe ń yà bá ọ̀nà mìíràn nígbà tí títì bá dí. Tí èyí tó bàjẹ́ bá wá pọ̀ jù, kò sí ibi tí omi máa yà sí mọ́.

Ẹnu ewé: ebi tàbí òùngbẹ

Ibo gan-an ni omi ń gbà kúrò lára ewé? Ẹ̀yìn ewé kún fún àwọn ẹnu kéékèèké tí a ń pè ní stomata. Ojú lásán kò lè rí wọn, a ní láti lo maikirosíkóòpù. Ewé máńgòrò kò ní wọn lójú, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló ní in. Sẹ́ẹ̀lì méjì tó tẹ̀ bí ètè ló dúró sí ẹnu kọ̀ọ̀kan. Bí iyọ̀ potassium bá wọ inú wọn, omi á tẹ̀ lé e, wọ́n á wú, wọ́n á tẹ̀ kọrọdọ, ẹnu á là. Bí omi bá jáde kúrò nínú wọn, wọ́n á rọ̀, ẹnu á pa dé.

Ewé kò la ẹnu nítorí kí omi lè jáde. Ó ń là á kí afẹ́fẹ́ carbon dioxide lè wọlé, nítorí òun ló fi ń se oúnjẹ pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ṣùgbọ́n inú ewé tutù, ìta gbẹ, bí ilẹ̀kùn bá sì ti ṣí, omi á jáde. Bó bá la ẹnu, òùngbẹ ń bọ̀. Bó bá pa á dé, ebi ń bọ̀. Ojoojúmọ́ ni gbogbo ewé ń ṣe ìpinnu yìí. Iye owó tí ó ń san pọ̀: nínú omi 100 tí gbòǹgbò bá fà, ó ju 95 lọ tó máa ń ba afẹ́fẹ́ lọ, díẹ̀ péré ló ń dúró sí ara igi.

Kì í ṣe pé omi yẹn ṣòfò o. Òun ló gbé àwọn iyọ̀ ilẹ̀ dé orí igi. Bí ó sì ṣe ń gbẹ lára ewé, ó ń mú ooru lọ pẹ̀lú ara rẹ̀, bí òógùn ṣe ń tu àwa náà lára. Ọ̀kan lára ohun tó jẹ́ kí abẹ́ máńgòrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ tutù ju abẹ́ pánù lọ ní ọ̀sán gangan nìyẹn. Pánù ń dí oòrùn, ṣùgbọ́n pánù kì í làágùn.

Ohun tí ọyẹ́ ń ṣe

Ẹni tó bá ń sá aṣọ mọ ohun tó ń mú transpiration yára. Aṣọ máa ń tètè gbẹ bí oòrùn bá mú, bí atẹ́gùn bá ń fẹ́, bí afẹ́fẹ́ kò bá ní ọ̀rinrin. Ní oṣù Keje, tí òjò ń ṣú lójoojúmọ́, aṣọ lè lo ọjọ́ méjì lórí okùn. Nígbà ọyẹ́, wákàtí díẹ̀ ti tó. Bí ètè wa ṣe ń sán nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń ti apá Sàhárà bọ̀ ń fa omi lára ewé.

Àwọn ohun ọ̀gbìn agbègbè wa ní ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí i. Àgbàdo á ká ewé rẹ̀ bí ẹni ká ẹní, kí oòrùn àti atẹ́gùn má baà rí i tán. Tíìkì àti àràbà á wọ́wé sílẹ̀, wọ́n á dúró ní ìhòòhò títí òjò yóò fi súnmọ́lé. Pákí kì í dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá gbẹ: bí afẹ́fẹ́ bá ti gbẹ, á ti pa ẹnu ewé rẹ̀ dé. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ló yàtọ̀ jù. Òru ló ń la ẹnu, nígbà tí ara tutù, á kó carbon dioxide pamọ́, á sì pa ẹnu dé bí oòrùn bá ti yọ.

Àwọn ìyá tó ń ta ewédú náà mọ̀ ọ́n. Àpò tútù tí wọ́n ń fi bo ewédú, àti omi tí wọ́n ń wọ́n sí i, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ewé tí a já kò ní gbòǹgbò mọ́, ṣùgbọ́n omi kò dẹ́kun jíjáde lára rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ tó yí i ká bá ní ọ̀rinrin, omi inú rẹ̀ kò ní tètè lọ.

Ìrì tí kì í ṣe ìrì

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Bí ẹ bá jí lọ sídìí kókò tàbí àgbàdo ní ìdájí nígbà òjò, ẹ ó rí ẹ̀kán omi létí tàbí ní ṣóńṣó ewé. Ìrì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é. Ìrì máa ń tàn ká ojú ewé, ṣùgbọ́n omi tó tò létí ewé yìí, inú ewé ló ti jáde. Lóru, tí ẹnu ewé wà ní pípadé tí ilẹ̀ sì tutù, gbòǹgbò ṣì ń kó iyọ̀ wọ inú xylem, omi ń tẹ̀ lé e, ó ń ti ara rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kán jáde. Guttation ni a ń pè é. Ó fi hàn pé gbòǹgbò lè ti omi, àmọ́ agbára rẹ̀ kò tó gbé omi dé orí igi gíga. Ewé ló ni iṣẹ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí oko

Ní báyìí, mo lè ka ẹ̀ṣẹ̀ mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́, nígbà tí mo hú ata, ọ̀pọ̀ jù lọ irun gbòǹgbò rẹ̀ ló já sínú ilẹ̀ tí mo ti hú u. Omi pọ̀ yí i ká lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo ti já ẹnu tó fi ń mu ún. Ó máa ń gba ata ní ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó hu òmíràn.

Ìkejì, mo fi gbogbo ewé rẹ̀ sílẹ̀, mo sì tò ó síwájú oòrùn àti ọyẹ́ láìbò. Ewé ń náwó bí ọlọ́rọ̀, gbòǹgbò kò rí owó mú wọlé. Okùn omi ń já nínú páìpù.

Ìkẹta, mo pọn omi jù. Gbòǹgbò máa ń mí, afẹ́fẹ́ tó wà láàárín hóró erùpẹ̀ ló fi ń mí. Nígbà tí mo sọ ebè di ẹrẹ̀, omi lé afẹ́fẹ́ yẹn jáde, gbòǹgbò tó kù kò sì lágbára mọ́ láti fa omi tàbí láti hu irun tuntun.

Ìkẹrin ni ajílẹ̀. Iyọ̀ ni ajílẹ̀ òyìnbó. Bí ó bá pọ̀ nídìí ata, omi inú ilẹ̀ á ní iyọ̀ ju inú gbòǹgbò lọ, osmosis á sì yí ojú padà. Mo sọ ata màmá mi di àlùbọ́sà tí a bu iyọ̀ lé.

Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ fi tutù tí òùngbẹ sì pa ata.

Màmá ṣì ní ọmọ ata díẹ̀ tó kù lábẹ́ ìbòòji. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ní kí n máa wo ọwọ́ àwọn. Wọ́n kọ́kọ́ bomi rin ilẹ̀ ibi tí ata wà kí a tó hú u, a sì hú u tòun terùpẹ̀ ìdí rẹ̀, kí irun gbòǹgbò má baà já tán. Wọ́n já díẹ̀ lára àwọn ewé ìsàlẹ̀, kí ẹnu tó ń náwó lè dínkù. A gbìn ín, a bu omi níwọ̀n, a sì fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó. Fún bí ọ̀sẹ̀ kan, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ la fi ń bomi rin ín. Lẹ́yìn náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í ká imọ̀ ọ̀pẹ náà kúrò díẹ̀díẹ̀. Kò pé mẹ́wàá tó kú nínú wọn. Kò sí ìgbésẹ̀ kan nínú gbogbo èyí tí kò sí ìdí rẹ̀ nínú ìwé wa. Màmá kò ka ìwé náà rí.

Ẹ dán an wò fúnra yín

Ẹ mú ọ̀rá tí kò lójú, tó mọ́ gaara. Ẹ fi bo ẹ̀ka igi kékeré kan tó ní ewé dáadáa, ẹ so ẹnu rẹ̀ pinpin láàárọ̀. Kó tó di ọ̀sán, ẹ ó rí omi tó kán jọ sínú rẹ̀. Ẹ so òmíràn mọ́ ẹ̀ka tí ẹ ti já gbogbo ewé rẹ̀, kí ẹ fi wé ti àkọ́kọ́. Ẹ tún un ṣe lábẹ́ ìbòòji, kí ẹ wo ìyàtọ̀.

Ẹni tó bá ní òṣùwọ̀n lè ṣe ohun tí Stephen Hales, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ní nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn, tó kọ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1727. Ó gbin òdòdó sunflower sínú ìkòkò, ó bo ojú ìkòkò kí omi má baà gba orí ilẹ̀ lọ, ó sì ń wọ̀n ọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìwọ̀n tó ń dínkù yẹn ni omi tó ń gba ewé jáde. Ike, ata kan, ọ̀rá àti òṣùwọ̀n ọjà ti tó fún èyí.

Ata tí a tún gbìn so, ṣùgbọ́n ó pẹ́. Kí ó tó pọ́n, ọjọ́ tí ilé-ìwé dá fún owó ti kọjá. Màmá ta aṣọ òfì wọn kan kí owó náà tó pé. Wọn kò bú mi. Ọjọ́ tí mo ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n kàn sin mi dé ibùdókọ̀, wọ́n ní, “Bí o bá dé ọ̀hún, bi wọ́n léèrè ìdí tí a fi ń lo imọ̀ ọ̀pẹ.”

Mo ti bi wọ́n, Màmá. Mo sì ti kọ ìdáhùn rẹ̀ síbí.